Aládùúgbò tí Kò Ní Ààlà: Àléébù Eré Ọ̀fẹ́ Orí Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ Lójú Àṣà Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìfáàrà

Lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti rìn jìnnà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ewì alohùn, ìtàn àròsọ àti eré onítàn ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi ojú lámèyítọ́ wò. Nígbà tó yá, fíìmù àgbéléwò àti orin ìgbàlódé di ohun tí wọ́n ń tú palẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Eré orí kọ̀ǹpútà àti fóònù ni ọ̀pọ̀ kò tíì kà sí ohun tó yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kúrò lára rẹ̀. Àwíjàre tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé eré lásán ni, àti pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ‘lásán’ àti ‘ọ̀fẹ́’, ló mú kí àyẹ̀wò yìí pọn dandan, nítorí kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn.

Eré méjì ni àtúpalẹ̀ yìí dá lé. Èkínní ni FarmVille, tí iléeṣẹ́ Zynga ti ìlú San Francisco gbé sórí Facebook ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2009, tó sì kógbá wọlé lórí Facebook ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Èkejì ni Hamster Kombat, tó jáde lórí Telegram ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí ìka àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀ ní ọdún náà. Ojú tí a ó fi wò wọ́n ni ojú ẹni tó mọ oko, tó mọ aládùúgbò, tó sì mọ ohun tí ààlà ilẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun fi jẹ́ gbèdéke iṣẹ́ náà. Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Orólù. Ìlobùú ní odò Erinlẹ̀ àti ọdún Erinlẹ̀. Ìfọ́n ni ìlú Olúfọ́n, tí ìtàn rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn òrìṣà funfun. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀. Àlejò tó ń ti Òṣogbo bọ̀ lè má tètè mọ ibi tí ìlú kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò padà wá nísàlẹ̀.

Òfin Eré gẹ́gẹ́ bí Ohùn

Nínú ìwé kan tó jáde ní ọdún 1938, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Netherlands, Johan Huizinga, ṣàlàyé pé lára ohun tí a fi ń dá eré mọ̀ ni pé fínnúfíndọ̀ ni ènìyàn ń ṣe é, pé ó ní àyè àti àkókò tirẹ̀ tó yà sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ òòjọ́, àti pé kì í ṣe nítorí èrè ni a ṣe ń ṣe é. Ian Bogost, ọmọ Amẹ́ríkà, gbà á síwájú ní ọdún 2007. Ó ní eré orí kọ̀ǹpútà a máa fi òfin rẹ̀ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí akéwì ti ń fi ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí eré gba ènìyàn láyè láti ṣe, ohun tó kà léèwọ̀, àti ohun tó ń san ẹ̀san fún, àwọn ni èrò rẹ̀ nípa ayé. Àwòrán àti àwọ̀ lè dára lójú. Inú òfin ni kí lámèyítọ́ ti wá ìtumọ̀.

Ayò ọlọ́pọ́n ni a lè kọ́kọ́ fi dán tíọ́rì yìí wò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ènìyàn 2. Kò sí ẹni tó ń sanwó kó tó jókòó tì í. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ òní sì lè di ọ̀ta lọ́la bó bá farabalẹ̀ kọ́ ọ. Kò sí ọmọ ayò tí ọ̀pẹ lè fowó rà kún tirẹ̀ láti fi borí. Òǹwòran ní ẹnu níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ àti yẹ̀yẹ́ sì jẹ́ ara ohun tó mú kí eré náà dùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ihò ẹnìkejì bá gbẹ, òfin ní kí ẹni tó ṣì ní ọmọ ayò lọ́wọ́ ta á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí eré lè máa lọ. A kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa alábàáta ẹni. Gbólóhùn ńlá nìyẹn, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ọpọ́n. Nígbà tí ayò bá parí, wọn a gbé ọpọ́n wọlé. Ọpọ́n kì í pe ẹnikẹ́ni lóru.

Oko tí Kò Ní Ilẹ̀

Ẹni tó bá wọ FarmVille fún ìgbà àkọ́kọ́ á bá pápá kékeré kan. Á roko, á gbin irúgbìn, á dúró kó gbó, á kórè, á fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Àmọ́ nínú àkókò ni òfin náà ti ń sọ̀rọ̀. Èso strawberry, fún àpẹẹrẹ, ń gbó láàárín wákàtí 4. Bí olóko kò bá padà lásìkò, ohun ọ̀gbìn á rọ, owó irúgbìn á sì wọgbó. Ẹni tó bá gbìn ín ní agogo 10 alẹ́ ti bá òru dá àdéhùn. Iṣu ń lo nǹkan bí oṣù 8 nínú ilẹ̀, àgbẹ̀ Ìlobùú sì ń rí àyè lọ sí ọjà, sí ìsìnkú àna, sí ìpàdé ẹbí, láàárín ìgbà tó gbìn ín sí ìgbà tó wà á. Òjò náà a máa pe àgbẹ̀, ọ̀dá a sì máa dẹ́rù bà á; ṣùgbọ́n òjò kì í pe ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sí ilé tó ń pa owó lórí ìpè rẹ̀. Àwọn tó ṣe FarmVille ló yan wákàtí 4. Wọn ìbá yan ọjọ́ 4. Wákàtí ni wọ́n yàn, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára eré ni ẹni tó ṣeé tà fún.

Eyì tó wá ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí ni bí eré náà ti ń lo aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ kí oko rẹ̀ fẹ̀ sí i gbọ́dọ̀ ní iye aládùúgbò kan tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó san owó gidi dípò wọn. Èyí ni pé iye kan wà tí a lè fi díwọ̀n ọ̀rẹ́, iye náà sì ní owó tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọ̀nyí lè wá fi ajílẹ̀ sí oko ara wọn, wọ́n sì lè fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ara wọn. Àwọn kan ti sọ pé àáró ìgbàlódé nìyí. Àfiwé náà kò múná dóko. Nínú àáró, ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ń para pọ̀ ro oko ara wọn níkọ̀ọ̀kan. Lónìí oko Lágbájá, lọ́la oko Tàmẹ̀dù. Ẹni tí kò bá wá ro ti ẹlòmíràn yóò gbọ́rọ̀, ojú yóò sì tì í. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń bẹ àwọn ènìyàn, á sì pèsè oúnjẹ tí wọn yóò jẹ. Nínú méjèèjì, ara ń pàdé ara, àárẹ̀ ń pàdé àárẹ̀, ẹni tó bá ṣàìsàn ni wọ́n sì tún máa ń rò fún. Nínú FarmVille, aládùúgbò lè ṣàìsàn títí kó kú, kí oko ẹnìkejì máà mọ̀. Ohun tí eré náà nílò ni orúkọ rẹ̀ lórí àtẹ.

Orí àtẹ yẹn pàápàá yẹ fún àkíyèsí. Ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n to àwọn aládùúgbò sí ní ẹsẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí ipò tí kálukú dé nínú eré. Oko wọn kò fara kan ara wọn. Kò sí pèrègún, kò sí akòko, kò sí ipa ọ̀nà tí ẹni méjì jọ ń gbà. Aládùúgbò wà, ààlà kò sí.

Nígbà tí FarmVille wà lójú ọpọ́n, Bogost kan náà ṣe eré kan ní oṣù Keje ọdún 2010 láti fi gbogbo irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Cow Clicker ni orúkọ rẹ̀. Màlúù kan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ àfi lẹ́yìn wákàtí 6, àyàfi tó bá sanwó. Ó tán. Ohun tó yẹ kó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbà tọkàntọkàn, tí wọ́n ń tẹ màlúù, tí wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni ó kó àwọn màlúù náà kúrò, àwọn kan sì ń tẹ ojú koríko tó ṣófo síbẹ̀. Àwàdà tí ẹni tí wọ́n fi ń ṣe kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí kì í ṣe àwàdà tó dùn.

Láti Orí Ríro dé Orí Títẹ̀

FarmVille ṣì ya àwòrán oko. Hamster Kombat kò dààmú ara rẹ̀ débẹ̀. Àwòrán ẹranko kékeré kan tó jọ èkúté ló wà lójú fóònù, ẹni tó ń ṣeré á sì máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, owó inú eré á máa gòkè. Tó bá fi owó náà ra àwọn káàdì kan, èrè á máa wọlé fún un bí kò tilẹ̀ tẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èrè yìí á dúró bí wákàtí 3 bá kọjá tí kò padà wá. Wákàtí 4 ti strawberry ti di wákàtí 3 ti èkúté. Ẹni tó bá pe ọ̀rẹ́ wọlé ń gba owó lé tirẹ̀. Ìlérí tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé owó inú eré yóò di owó gidi lọ́jọ́ kan.

Ìlérí yìí kò ṣàdédé rí ẹni gbà á gbọ́. Notcoin, tó jáde lórí Telegram kan náà ní oṣù Kínní ọdún 2024, ti pín owó ayélujára ní oṣù Karùn-ún, àwọn kan sì rí nǹkan tà nínú rẹ̀. Ọdún tí owó oúnjẹ ń ga lójoojúmọ́ ni. Ọ̀dọ́ tó jáde ìwé tí kò rí iṣẹ́ kò ya aṣiwèrè tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Lámèyítọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀gàn àwọn ọ̀dọ́ ti ṣìnà. Àwọn tó ni Hamster Kombat ń fọ́nnu pé àwọn tó ń ṣe é ti tó mílíọ̀nù 300 káàkiri àgbáyé. Nígbà tí wọ́n pín owó náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nǹkan bí sẹ́ǹtì 1 owó Amẹ́ríkà ni ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀ láti ibẹ̀. Iye owó tí ènìyàn ti kó jọ nípa títẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi pín in; àwọn ìlànà mìíràn ni wọ́n lò. Ìjákulẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ lórí ìkànnì lọ́jọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ ni ohun tó kàn wọ́n kò tó owó dátà tí wọ́n ti jó.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn ń ‘máìn’, bí ẹni tó ń wa kùsà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wa góòlù ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé awakùsà tí kò rí góòlù ṣì rí yẹ̀pẹ̀. Bí òṣùwọ̀n Huizinga bá ṣe é gbára lé, Hamster Kombat kò yẹ lórúkọ eré rárá: èrè ló gbé ènìyàn débẹ̀, kò ní àkókò tirẹ̀ tó yà sọ́tọ̀, fínnúfíndọ̀ sì ti di àìgbọdọ̀máṣe. Iṣẹ́ ni, àfi pé kò ní owó oṣù.

Ta Ló Ń San Owó Ọ̀fẹ́?

Zynga fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́, nígbà tó fẹ́ ta ìpín ìdókòwò fún ará ìta ní ọdún 2011, pé ìwọ̀nba kékeré nínú àwọn tó ń ṣe eré òun ló ń sanwó. Ní ọdún 2010, àwọn tó ń wọ FarmVille lóṣù kan ti lé ní mílíọ̀nù 80. Kí wá ni ìwúlò ogunlọ́gọ̀ tó kù? Àwọn ni agbe ìròyìn. Ìkéde kọ̀ọ̀kan tó bọ́ sójú ìwé ọ̀rẹ́ wọn ni ìpolówó tí iléeṣẹ́ náà kò sanwó fún. Facebook náà jẹ nínú rẹ̀: ní ọdún 2012 ó sọ pé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún òun ní ọdún 2011 ló ti ọ̀dọ̀ Zynga wá. Nígbà tí Take-Two ra Zynga ní ọdún 2022, nǹkan bíi bílíọ̀nù 12.7 dọ́là ni iye òwò náà.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n, dátà ni owó àkọ́kọ́ tó ń jáde lápò. Ní oṣù Kínní ọdún 2025 ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, NCC, fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó lé owó títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó kejì ni àkókò. Ẹ̀kẹta, tó ṣòro jù láti kà, ni ìtìjú ẹni tó ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ àti ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá tẹ nǹkan, tí nǹkan náà sì já sí asán.

Ọ̀rọ̀ Ààlà

Gbogbo ohun tó wà lókè yìí ni a lè sọ nípa eré wọ̀nyí ní ìlú èyíkéyìí. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà gún Ìlobùú àti Ìfọ́n lọ́kàn yàtọ̀. Ìjà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì kì í ṣe tuntun, Ẹrin-Ọ̀ṣun náà sì wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ó tún bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì kéde kónílé-ó-gbélé. Dídá ẹjọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ pé eré orí fóònù ló dá ìjà sílẹ̀, nítorí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ awuyewuye náà kò gbọ́ orúkọ Facebook rí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni èyí tí eré ń fi kọ́ni nípa aládùúgbò. Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n, aládùúgbò gan-an ni ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ẹni. Bí ilẹ̀ bá máa fẹ̀ sí ọ̀nà kan, ó ní ẹni tó máa kéré sí lọ́nà kejì. Nítorí náà ni àwọn baba fi gbin pèrègún, tí wọ́n sì ń mú ọmọ wọn lọ wo ibi tó wà. Nínú FarmVille, bí aládùúgbò bá ti ń pọ̀ sí i ni ilẹ̀ ń fẹ̀ sí i, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ọdún mélòó kan ṣe irú eré yìí kò ní bá a nínú òfin rẹ̀ pé kó bẹ ẹnìkejì, kó gbà pé òun ṣì ìpàkọ́ ààlà dá, kó dúró de ẹlẹ́rìí. Kò lè jà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀, òótọ́ ni. Kò sì lè parí ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Àìlèjà yìí ni àwọn kan ń yìn gẹ́gẹ́ bí àlàáfíà. Àlàáfíà tí kò mọ ohun tí à ń jà lé lórí kò lè wúlò fún ọmọ tó ń gbé láàárín ìlú méjì tí kónílé-ó-gbélé bá.

Ohun tí a Lè Sọ fún Wọn

Kò yẹ kí a fi gbogbo ẹnu bú eré wọ̀nyí. FarmVille mú kí ẹbí tó fọ́n ká sí Èkó, London àti Amẹ́ríkà máa rí orúkọ ara wọn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀ rírì ní Haiti ní oṣù Kínní ọdún 2010, àwọn tó ń ṣe eré Zynga ra àwọn nǹkan inú eré tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 1 dọ́là fún ìrànwọ́ àwọn tí àjálù náà bá. Eré ìbílẹ̀ náà kò sì mọ́ tónítóní. Ọpọ́n ayò ti mú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbàgbé oko rí, ẹ̀fẹ̀ ìdí rẹ̀ ti di ìjà lọ́pọ̀ ìgbà, àyè tí wọ́n fún obìnrin níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Olùkọ́ tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ju fóònù nù kó wá ṣe bojúbojú lábẹ́ òṣùpá ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe ni kó mú eré wọ inú kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ohun kíkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi èdè Yorùbá kọ òfin eré kan tó ń ṣe lórí fóònù sílẹ̀, láìfi àwòrán kún un. Iṣẹ́ yìí nìkan kò rọrùn. Yóò fi ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti sá fún ọmọ hàn, yóò sì fi ibi tí òfin eré náà ti ń fi nǹkan pa mọ́ hàn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bi òfin náà ní ìbéèrè: ìgbà wo ni eré parí? Ta ló ń jèrè bí mo bá pe ọ̀rẹ́ mi? Bí ihò ẹnìkejì bá gbẹ ńkọ́? Ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè kẹta nípa Hamster Kombat yóò rí i pé eré náà kò ní ìdáhùn sí i, nítorí kò sí ẹnìkejì nínú rẹ̀.

Kí wọ́n sì ta ayò. Kò nílò dátà, kò nílò iná mànàmáná. Bí kò bá sí ọpọ́n, ihò 12 ṣeé gbẹ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ 48 kò sì ṣòro láti ṣà jọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlobùú àti ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìfọ́n lè yan ọmọ kọ̀ọ̀kan wá, kí wọ́n jókòó ní ìdojúkọ ara wọn, ìlà ihò 6 níwájú èyí, ìlà ihò 6 níwájú ìyẹn. Àárín ìlà méjèèjì ni ààlà wà, ọmọ ayò á sì máa kọjá lórí rẹ̀ lọ, á máa bọ̀.